Bàbá Adandé Kò Fi Ìmọ̀ Ṣahun

Ilé kan wà ní Àjàṣẹ́ wa yìí, ní ilẹ̀ Benin, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń tò wọ̀, tí àwọn àlejò láti Kùtọnu, Èkó àti Faransé sì máa ń béèrè ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà wa tí à ń pè ní zémídjan. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi sọ ilé náà: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé. Bí mo bá bi àwọn ọmọ-ọmọ mi léèrè pé ta ni Adandé, ojú ara wọn ni wọ́n máa ń wò. N kò bá wọn wí, nítorí ẹni tí a kò sọ fún kì í mọ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ẹnu àgbà náà ló sì yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ọ̀rẹ́ wọn kọ́ ni mí, n kò sì bá wọn tan. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni wọ́n. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ nípa wọn ni mo mọ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí mo kà, àti ohun tí iṣẹ́ wọn ṣe nínú ilé tiwa. Ìyẹn tó láti fi rántí ènìyàn.

Ọdún 1913 ni a bí Bàbá Adandé sí Àjàṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tí Ọba Toffa ìlú wa wàjà nígbà náà, nítorí ọdún 1908 ni ọba náà lọ. Ìlú tó ní ìtàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni Àjàṣẹ́. Àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu, wọ́n sì ń sọ pé Te-Agbanlin, ọmọ ọba tó ti Àlàdá wá, ló gbé ìjọba kalẹ̀ síbẹ̀. Àwa Yorùbá náà ń sọ tiwa: pé àwọn ọdẹ wa ló kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí Akron, níbi tí Àbẹ̀sàn olórí mẹ́sàn-án ti jáde láti inú ọ̀gán, tí ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà ti Brazil padà dé, tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà, tí wọ́n sì kọ́ Mọ́sáláṣí Ńlá tí àlejò máa ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọ tó bá dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé ìtàn kì í ti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo jáde tán.

Dakar ni iṣẹ́ gbé Bàbá Adandé lọ, sí IFAN, ilé ìwádìí ńlá tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ lọ́dún 1936 láti máa kó ìmọ̀ nípa ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ. Théodore Monod, tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1938, ló ń darí rẹ̀. Kòkòrò, òkúta, ewé, ère, ìlù, ìkòkò tí wọ́n hú nínú ilẹ̀, ìwé àtijọ́: gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ilé náà láti ìlú dé ìlú. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Òyìnbó ni ọ̀mọ̀wé. Ọmọ ilẹ̀ ni ògbufọ̀, ni aláàárù, ni ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn. Nígbà tí ìwé bá sì jáde, orúkọ òyìnbó ni a ó bá lẹ́yìn rẹ̀. Àgbàlagbà tó jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń ṣàlàyé ohun tí ère wà fún, a máa di “ará ìlú kan.” Bàbá Adandé wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà ìwọ̀nba tó jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn fúnra wọn, tí wọ́n to ohun àkójọ, tí wọ́n ronú lé e lórí, tí wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n sì fi orúkọ ara wọn sí i.

Lọ́dún 1951, ìwé àtìgbàdégbà Présence Africaine, tí Alioune Diop ará Senegal dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, gbé àkànṣe kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà ènìyàn dúdú. Bàbá Adandé kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n fi ṣe àkọlé ni pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti di kànńpá fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ má ṣe fojú kéré irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ Dàhòmì, bí ilẹ̀ wa ti ń jẹ́ nígbà náà, lọ́dún 1951. Ó ku ọdún mẹ́sàn-án ká tó gba òmìnira. Ìtẹ́ Ọba Ghezo àti ti Ọba Glele, àwọn ọba Dàhòmì àtijọ́, wà ní Paris, níbi tí Ọ̀gágun Dodds ti Faransé kó wọn lọ lẹ́yìn tó wọ Àgbómẹ̀, olú ìlú ìjọba wọn, lọ́dún 1892. Ọmọ Àgbómẹ̀ tó bá fẹ́ fojú rí ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ jókòó sí, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá òkun, kó sì san owó ìwọlé. Ẹni tó wá dìde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, tó ní ó yẹ kí àwa náà ní ilé tí a ó máa kó ohun wa sí, kì í ṣe ìmọ̀ nìkan ló ní. Ó láyà.

Ṣùgbọ́n ibi tí inú rere wọn ti hàn sí mi jù ni ìwé kan tí IFAN tẹ̀ jáde ní Dakar lọ́dún 1962. Ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba Dàhòmì ni ìwé náà dá lé. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ìwé ọ̀pá fi mì mí lọ́kàn, mo ní láti sọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi.

Ọmọ Kétu ni ìyá ìyá mi. Ọmọdé ni nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu lọ́dún 1886, nígbà ayé Ọba Glele. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gba inú igbó títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ní Sàkẹ́tẹ́. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Àgbómẹ̀ níbi tó ti ń jẹun, á rọra ti àwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í pariwo, kì í ṣépè. Á ti àwo, á ṣan ọwọ́ rẹ̀, á sì wọ yàrá lọ. Àwa ọmọdé mọ̀ pé oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn.

Àjàṣẹ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú Dàhòmì. Ìbẹ̀rù Àgbómẹ̀ wà lára ohun tó mú Ọba Toffa lọ sá sábẹ́ Faransé. Lóṣù kẹrin ọdún 1890, àwọn ọmọ ogun Ọba Béhanzin jà dé Atchoupa, tí kò jìnnà sí wa rárá. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni a bí Adandé sí. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé kan láti fi bú Àgbómẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀. Wọ́n mú ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba yẹn, wọ́n fi sùúrù wò ó láti orí dé ìdí, wọ́n sì kọ ohun tó jẹ́. Ọ̀pá igi tó tẹ̀ lórí bí ẹ̀rúkọ́ ni, tí ọba máa ń gbé kọ́ èjìká. Bí ọba bá rán ìránṣẹ́ níṣẹ́, ọ̀pá ni yóò mú dání. Tí ìránṣẹ́ bá ti tú aṣọ tó bò ó, ẹni tí a rán an sí á dojú bolẹ̀, nítorí ọba fúnra rẹ̀ ló dé yẹn. Àwa tí a mọ àrokò kò ní pẹ́ kí èyí tó yé wa. Lára ọ̀pá náà ni wọ́n ti ń ṣe àmì ọba tó ni ín sí: ẹfọ̀n fún Ghezo, kìnnìún fún Glele, ẹja apanijẹ inú òkun fún Béhanzin. Alágbẹ̀dẹ àti agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ dunjú ló ń ṣe é.

Sàkẹ́tẹ́ ni mo ti ń ṣe olùkọ́ nígbà tí ìwé náà kàn mí lọ́wọ́. Ìyá ìyá mi ti kú. Mo jókòó ti ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un, mo ń fi àwọn àwòrán rẹ̀ hàn án lábẹ́ àtùpà. Ó dákẹ́ títí. Nígbà tó yá ó ní, “Ṣé pé ẹwà báyìí wà lọ́wọ́ àwọn náà, tí wọ́n tún wá ń jó ilé onílé?” N kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i di òní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mo ṣàkíyèsí pé ìyá mi lè sọ̀rọ̀ Àgbómẹ̀. Ó ń sọ ogun, ó sì ń sọ ọ̀pá. Ìwé kò pa ẹ̀dùn ọkàn rẹ́, kò sì sọ pé ẹni tó jalè kò jalè. Ó kàn fi kún ohun tí a mọ̀, ọkàn wa sì fẹ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe Bàbá Adandé ní ọ̀làwọ́. Ẹni tó ń fún ènìyàn lówó pọ̀, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó lè fi ẹ̀tọ́ ìtàn fún ọ̀tá bàbá rẹ̀, láì bù ú kù, láì sì pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ, irú wọn ṣọ̀wọ́n. Ahun ni ọ̀pọ̀ wa nídìí ìtàn. Ti ìdílé wa la máa ń gbé lárugẹ. Ti ẹlòmíràn, a ó ní kó lọ sọ tirẹ̀ nílé bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Àjàṣẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀, ìyá mi sì ní òun yóò bá wa lọ. Bí ènìyàn ṣe ń bọ̀ láyé, bí ó ṣe ń gbé e, bí ó ṣe ń kúrò níbẹ̀, báyìí ni wọ́n ṣe to ohun inú rẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ère orí kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ balẹ̀, tí ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí gèlè tí wọ́n gbẹ́ sí i lórí wé mọ́ ọn dáadáa. Ẹfun tí wọ́n fi kùn ún ti ń ṣí ní etí kan. Àwọn ọmọ ń rojọ́, wọ́n ń ti ara wọn. Ìyá mi bọ́ bàtà. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ilé o.” Gbogbo kíláàsì pa rọ́rọ́. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri náà ṣí fìlà. N kò tún ní láti bá ọmọ kankan wí lọ́jọ́ yẹn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Àjọ UNESCO wá kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ìyá mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kéde.

Ilé náà kò tíì máa jẹ́ orúkọ Bàbá Adandé nígbà yẹn. Bàbá náà wọ òṣèlú, wọ́n sì ṣe mínísítà. Èyí tí mo lè sọ níbẹ̀ kò pọ̀. Ayé òṣèlú Dàhòmì ìgbà náà kò dúró sójú kan. Ìjọba ń ṣubú, òmíràn ń dìde, títí ológun kan, Kérékou, fi gba agbára lóṣù kẹwàá ọdún 1972, tí orúkọ ilẹ̀ wa sì yí padà sí Benin lọ́dún 1975. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lépa àwọn tí wọ́n ń pè ní àjẹ́, tí wọ́n gé igi ìbọ níbi púpọ̀, tí ẹ̀rù sì mú kí àwọn kan da ohun ìdílé wọn sínú ọ̀sà tàbí kí wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú fún oníṣòwò tó ń kó o lọ sókè òkun. Ohun tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò bá ìyẹn lọ sókè òkun. Ipò mínísítà tí Bàbá Adandé dì mú ti di ọ̀rọ̀ àná. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lọ́dún 1951 kò tíì di ọ̀rọ̀ àná rárá.

Àwọn tó tẹ̀lé ipa ọ̀nà Bàbá Adandé kò fi mọ sórí ohun tó wà lójú ilẹ̀. Wọ́n wa ilẹ̀. Alexis Adandé, awalẹ̀pìtàn tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Abomey-Calavi, fi ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ti ọdún 1984 ṣe ìwádìí Togudo, olú ìlú Àlàdá àtijọ́, níbi tí ìtàn ti sọ pé àwọn tó fìdí ìjọba Àjàṣẹ́ múlẹ̀ ti wá. Ó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, ìwé àwọn òyìnbó oníṣòwò àti ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n lè jẹ́rìí fún ara wọn. Lọ́dún 1998, nígbà tí katakata ń la ọ̀nà ní Bohicon, ilẹ̀ jìn, wọ́n sì rí ilé abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ní Agongointo. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ogún Áfíríkà, èyí tí à ń pè ní EPA, sílẹ̀ níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ilẹ̀ púpọ̀ fi ń wá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú igi kí ikán má jẹ ẹ́, àti bí a ṣe ń kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kó má baà sọnù.

Mo ti rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lójú mi. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wa ń gbẹ́ kànga, àpáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n fẹ́ kó o dà sí ààtàn. Ọmọkùnrin kan tó kàwé nípa ilẹ̀ wíwà ní kí wọ́n dúró. Ó bu omi sínú garawa, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sá a sórí àpò sìmẹ́ńtì. Ó fi hàn wá bí àwọn amọ̀kòkò ṣe yí okùn tí wọ́n lọ́ lára ìkòkò tútù kó tó wọná, tí ilà rẹ̀ fi tò lọ gbọọrọ. Àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ wá ń sọ orúkọ ìkòkò: èyí ti omi ni, èyí ti ọbẹ̀ ni, èyí ti òrìṣà ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ àwọn ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ Bàbá Adandé kò kú.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ẹrù ọba Àgbómẹ̀ tí Faransé kó lọ padà wá sílé. Ìtẹ́ Ghezo àti ti Glele wà níbẹ̀, ọ̀pá àṣẹ kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Kùtọnu lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn sì tò bí ẹni tó ń lọ kí ìyàwó tuntun. Àádọ́rin ọdún gééré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ tí Bàbá Adandé kọ àti ìpadàbọ̀ yẹn. Wọn kò fojú rí i. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ lè má jẹ ẹyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹyìn ló yẹ kó mọ ẹni tó gbìn ín.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Àjàṣẹ́, ní Sàkẹ́tẹ́, ní Pọ̀bẹ́ àti ní Kétu, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, kí ẹ sì sọ ẹni tó ń jẹ́ Adandé fún wọn kí ẹ tó wọlé. Ẹ̀yin tí ohun àwọn baba ńlá yín wà nínú àpótí, ẹ má ṣe tà á fún ẹni tí ẹ kò mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìwúlò rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ tó gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ìtàn, bí ẹ bá dé orí ìtàn ìlú tó bá tiyín jagun, ẹ ṣe é bí Bàbá Adandé ti ṣe ti ọ̀pá Àgbómẹ̀: ẹ sọ òótọ́ ogun, ẹ sì sọ òótọ́ ẹwà. Àgbàlagbà rere ni wọ́n, wọ́n ṣe tiwọn. Ó ku tiwa.